Afẹ́fẹ́ Tí Ẹ Fẹ́ Tì Mọ́ Abẹ́ Òkè Ọ̀yà

Ràmátù, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

O kú ibùgbé tuntun, o kú iṣẹ́ tuntun. Ara wa le nílé. Àwọn ewúrẹ́ wà, kajú ti ń já bọ́ lóko, Bàbá Àgbà Bùráímọ̀ ṣì ń pariwo sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní òdìkejì odò. Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí àyà rẹ já nígbà tí dẹ́rẹ́bà bá gbé ìwé tó wúwo tó báyìí lé ọ lọ́wọ́ ní Bassila. Kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ nínú mi, kò sì jẹ́ kí n gbádùn ìjókòó.

Mo mọ ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ. O máa ní láti Manigri sí Bassila kò jìnnà, kí ló dé tí bàbá rẹ kò fi pè ọ́. Ṣebí mo pè ọ́. Lórí fóònù, ẹnu rẹ yá ju tèmi lọ. Kí n tó fa ọ̀rọ̀ kan yọ, o ti dáhùn ìbéèrè tí n kò tíì bi. Bí mo bá sì wá bá ọ nínú yàrá rẹ, ojú rẹ ni n ó máa wò, ojú rẹ sì jọ ti ìyá mi tó ti lọ. Gbogbo ohun tí mo bá kó wá ni yóò di "o kú iṣẹ́, ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Bí mo ṣe mú bírò nìyẹn. Èdè wa tí wọ́n kọ́ àwa àgbà láti máa kọ nígbà kan, òní ni yóò wúlò fún mi jù.

Láti àárọ̀ ni mo ti wà lábẹ́ igi kajú ẹ̀yìn ilé. Mo kọ díẹ̀, mo dìde. Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo padà. Ìyá rẹ dúró nídìí ààrò rẹ̀, ó wò mí títí, ó bi mí bóyá ìjàlọ ló wọ inú ṣòkòtò mi. Mo ní rárá. Ó ní kí n yáa lọ gbọ̀n ọ́n wò.

Ohun méjì ni o tọrọ lọ́wọ́ mi. O ní kí n fọwọ́ sí i pé mo yọ̀ǹda oko kajú wa tó wà lórí Òkè Ọ̀yà fún ilé iṣẹ́ yín. O tún ní, ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, nígbà tí o bá dìde lójúde ọba láti bá ìlú sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà, kí n wá jókòó sẹ́yìn rẹ. O mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nínú ilé wa. Ẹni tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ìlú, bàbá rẹ̀ ní í jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kò sì ní sọ̀rọ̀. Bí ìlú bá ti rí bàbá níbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé gbogbo ilé ti gbọ́, gbogbo ilé sì ti gbà, pé ohun tí ọmọ bá sọ, ọ̀rọ̀ bàbá ni. Bàbá mi jókòó sẹ́yìn mi nígbà tí mo tọrọ àyè etí ọ̀nà ọlọ́dà tí mo ti ń lẹ táyà. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò tilẹ̀ húkọ́.

Èmi náà bi ọ́ ní ohun kan ṣoṣo, nípa omi tó ń sun ní ẹsẹ̀ Òkè Ọ̀yà. Mo ní, "Ìsun ńkọ́?" Ìwọ tí ẹnu rẹ máa ń yá, o dákẹ́. Mo rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà ni o wá sọ pé, "Bàbá, ọ̀gá wa ní ká má tíì dá ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀. A ò tíì mọ̀." O sì yára bi mí bóyá ìyá rẹ ti jí lójú oorun. Ọ̀sán gangan ni, Ràmátù. Ìyá rẹ ń gúnyán lọ́wọ́, o sì ń gbọ́ ìró odó.

Dídákẹ́ rẹ yẹn ni mo ń gbé kiri láti ọjọ́ náà.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ yín ṣe yé mi, kí o má baà rò pé arúgbó tó ń bẹ̀rù ohun tí kò mọ̀ ló ń kọ̀wé sí ọ. Ṣé o rántí ọdún Iléyá tó kọjá? O gba túúbù kan nínú ẹrù àtijọ́ mi, o tẹ́ ẹ sílẹ̀, o gbé ọlọ ìyá rẹ lé e, o sì fi pọ́ǹpù mi fẹ́ ẹ títí ọlọ fi gbéra nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, o fi ẹnu túúbù náà kọ ojú agolo tí o gé bí ìyẹ́, o tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, agolo ń yí fìrìfìrì. Gbogbo ọmọdé àdúgbò hó. O ní ohun tí ẹ fẹ́ ṣe nìyẹn: pé lọ́sàn-án, àwọn panó tó ń gba oòrùn máa ń mú kúrántì wá ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ, pé ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ilé ń wá iná, oòrùn ti wọ̀. Nítorí náà, ẹ óò fi kúrántì ọ̀sán ki afẹ́fẹ́ sínú ihò tí ẹ bá gbẹ́ sínú àpáta lábẹ́ òkè, ẹ óò tì í mọ́ ibẹ̀, tó bá di alẹ́ ẹ óò máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó máa yí ẹ̀rọ. O ní afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ máa ń gbóná, pé ẹ óò gba ooru náà pamọ́ sínú òkìtì òkúta, kí ẹ lè dá a padà fún un nígbà tó bá ń jáde, torí pé bó bá ti ń jáde ló ń tutù.

Ìyẹn kò ṣòro fún mi. Ọwọ́ mi ti jó lára ìdí pọ́ǹpù rí, mo sì mọ bí èémí táyà akẹ́rù ṣe máa ń tutù bí a bá tú u. Bàbá Àgbà rẹ Bùráímọ̀ ló rẹ́rìn-ín tó ní, "Ẹ̀yin ará ilé, wọ́n fẹ́ fi òkè ṣe táyà." Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé n kò lè jẹ ẹran. Mo sì fẹ́ iná yẹn. Má gbàgbé pé mo fẹ́ ẹ.

Ìmọ̀ràn wá kù. Mo fẹ́ kà wọ́n ní ení, èjì, bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò dúró sójú kan. Bí mo bá ṣi kíkà, ìwọ ni o lọ sí ilé ìwé, bá mi tún un kà.

Èkíní, nípa Bassila tí o ń gbé. Èmi náà gbé ibẹ̀ rí, nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ táyà. Àwọn tó ni ìlú ń sọ Anii, àwa ń sọ tiwa. Ojú ń tì mí láti kí wọn ní èdè wọn, torí pé bí mo bá ti ṣì í, àwọn obìnrin tó ń ta òrí á rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá láì kí ẹnikẹ́ni nìyẹn. Mo rò pé mò ń dáàbò bo ara mi. Wọ́n ní ọmọ Manigri yẹn gbéra ga, àfi bí ẹni pé òun ló ni ọjà. Ìgbà tí ibà gbé mi dè, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn mi. Nítorí náà, kí wọn, kí o ṣì í, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n bá ti fi rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, wọn á mọ ìgbà tí kò bá jáde. Má sì fi Faransé bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ níbi tí èdè mìíràn bá wà. Nígbà tí o bá ń bọ̀ ní Manigri, má ṣe jókòó sínú mọ́tò ilé iṣẹ́ pẹ̀lú gíláàsì títì pa. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, jẹ́ kí eruku bà ọ́ bó ṣe ń bà wá.

Ìyá rẹ ń ti ẹ̀gbẹ́ kan sọ pé kí n má gbàgbé ọ̀rọ̀ ọkọ. Ó ní kí n sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ o. Ẹ jọ máa yanjú ìyókù.

Èkejì, nípa ohun tí a bá tì mọ́lé. O mọ àká iṣu wa lóko, ilé kékeré róbótó tí a fi amọ̀ àti koríko ṣe, tí atẹ́gùn ń gba ara rẹ̀ kọjá. Ní ọdún tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ, mo kà á sí ilé àwọn ará àtijọ́. Mo ra sìmẹ́ǹtì. Mo rẹ́ àká mi lẹ́ inú lẹ́ òde, mo kan ilẹ̀kùn pákó sí i, mo fi àkísà di gbogbo ojú ihò, kí eku má baà rí ọ̀nà gbà. Bàbá mi yí i po, ó ní, "Sùlé, níbo ni iṣu yóò ti máa mí?" Mo dá a lóhùn pé iṣu kì í ṣe ènìyàn. Ó wò mí, ó bá tirẹ̀ lọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ta ló lè sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà náà, èmi tí mo ní sìmẹ́ǹtì?

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ kì í ṣe ti sìmẹ́ǹtì. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, tí mo bá kọjá létí àká yẹn, ara ògiri rẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, òórùn kan sì ń jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ nínú ara mi pé nǹkan ti ṣe. N kò ṣí i. Mo ń bẹ̀rù ohun tí n ó rí, mo sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má bá mi níbẹ̀ tí mo ń ṣí i. Ọjọ́ tí mo fẹ́ kó iṣu lọ fún àwọn àna ni mo tó ṣí i. Èyí tó wà lókè ṣì dára lójú, mo kó o sínú apẹ̀rẹ̀, mo bo orí rẹ̀ pẹ̀lú ewé, a gbéra. Ìyá ìyá rẹ mú ọ̀kan níwájú gbogbo ìdílé láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àtàǹpàkò rẹ̀ wọ inú iṣu náà títí dé oríkèé. Kò bú mi. Ó rọra nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ewé, ó sì bèèrè lọ́wọ́ bàbá mi bóyá ara àwọn ará ilé wa le. Títí di òní, bí ìyá rẹ bá gún iyán tó ní kókó, ó máa ní àbí kí òun lọ wá iṣu tó rọ̀ bíi tèmi wá.

Ràmátù, bí o bá ti ń gbóòórùn nǹkan lábẹ́ ilẹ̀kùn, ṣí i kí ọjọ́ àna tó pé. Ìtìjú tó wà nínú ṣíṣí i ní ìkọ̀kọ̀ kéré sí ti gbangba.

Mo tún dìde níbí. Mo rìn lọ dé ẹsẹ̀ òkè, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ni. Ìwọ náà mọ ìsun yẹn, o ti fi korobá kékeré pọn ọ́n rí kí orí rẹ tó gba ẹrù. Omi rẹ̀ kò pọ̀, bí ọwọ́ ọmọdé ló ṣe ń yọ láàárín òkúta, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga bá gbẹ, tí pọ́ǹpù ìlú bá ń pọ atẹ́gùn lásán, gbogbo apá ọ̀hún ló ń gbójú lé e. Àwọn obìnrin tò síbẹ̀ lónìí, wọ́n ń dúró de ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn kí mi kú oríire iṣẹ́ ọmọ mi, ó ní nígbà tí iná yín bá dé òun á ra ẹ̀rọ tó ń lọ ata. Mo dúpẹ́. Mo bu omi sọ́wọ́, mo mu ún. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí: ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù iṣẹ́ rẹ ń bà mí, ẹ̀rù ìsun náà sì ń bà mí, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ẹ̀kẹta. Èyí ni mo ti ń yí po láti àárọ̀. Gbogbo Manigri ló mọ ìtàn náà, òun ni wọ́n fi ń pè mí ní Sùlé Gbòà, o sì ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ jà nítorí orúkọ náà nígbà tí o wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n ariwo àti páànù tó fò ni wọ́n máa ń sọ. N kò tíì jókòó sọ ìyókù fún ọ rí.

Ìgbà iṣu ni, akẹ́rù pọ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní àgbá afẹ́fẹ́ kan tí ẹlòmíràn ti lò kí n tó rà á. Ẹnu kékeré kan wà lórí rẹ̀ tó máa ń súfèé bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, a sì tú èyí tó ṣẹ́kù dànù. Mo kórìíra ẹnu yẹn. Epo bẹntiróò ni mo fi ń ki afẹ́fẹ́ náà, ẹnu yẹn sì ń tú u dànù. Àwọn dẹ́rẹ́bà a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá ti súfèé, wọn á ní, "Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ," wọn á bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan mo gé rọ́bà túúbù, mo fi wé ẹnu náà, mo fi wáyà dì í pa. Ó dákẹ́. Mo fẹ́ táyà akẹ́rù kan, mo fẹ́ èkejì, kò súfèé. Mo rò pé mo ti gbọ́n ju ẹni tó ṣe é lọ.

Bùráímọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé oúnjẹ wá fún mi. Ó jókòó lórí táyà nítòsí àgbá náà, ó ní, "Àgbá rẹ dákẹ́ lónìí." Mo ní, "Mo ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́." Mo bọ́ sí òdìkejì ọ̀nà láti lọ bu omi tí n ó mu. Kí n tó bu ú tán, àgbá náà bú, gbòà! Omi yẹn ni kò jẹ́ kí n kú. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, páànù ilé iṣẹ́ táyà mi wà lórí igi, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní etí òsì ẹ̀gbọ́n mi, ó ń wo ẹnu mi, kò gbọ́ nǹkan kan. Etí yẹn kò là mọ́ títí di òní. Ìdí tó fi ń pariwo sọ̀rọ̀ nìyẹn, tí ẹ̀yin ọmọ fi ń sín in jẹ.

Mo kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí mò ń bọ̀ láti ẹsẹ̀ òkè. Ó ń tò kajú sórí ẹní. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sọ ti ìsun, mo sọ ohun tí ọ̀gá rẹ wí. Ó gbọ́ mi tán. Mo bi í bóyá yóò wá ní Jímọ̀. Ó ní, "Etí kan ló kù fún mi, Sùlé. Mo fẹ́ fi gbọ́ òótọ́ kí ó tó di." Ó padà sídìí kajú rẹ̀, ó ní kí n kúrò níwájú oòrùn òun.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí ìlú bá ń pariwo lójúde ọba, má wá rọ́bà tí o fi máa wé ẹnu wọn. Wọn á bi ọ́ ní ìbéèrè òmùgọ̀. Ẹnìkan á bi ọ́ bóyá òkè náà máa fò. Ẹlòmíràn á ní ṣé ẹ máa ta atẹ́gùn fún wa ni. Jẹ́ kí wọ́n bi ọ́ tán. Ẹ̀rù tí a bá sọ jáde lẹ́nu máa ń fúyẹ́ sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ẹ̀kẹrin, tàbí ẹ̀karùn-ún, n kò mọ̀ mọ́. "A ò tíì mọ̀" tí o sọ fún mi lórí fóònù, ọ̀rọ̀ gidi ni. Kí ló dé tí o fi sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé nǹkan pamọ́? Ẹ fẹ́ gbẹ́ inú àpáta. Omi ìsun náà ń gba ojú sísán àpáta yẹn kan náà wá, ọmọ tó bá ti gun òkè yẹn rí mọ̀ ọ́n. Bóyá omi náà á yà gba ibòmíràn, bóyá kò ní yà. O ní ẹ ó fi irin àti kankéré tẹ́ inú ihò náà kí afẹ́fẹ́ má baà jò. Bóyá ìyẹn ti tó, n kò mọ̀, ìwọ náà kò mọ̀. Sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ kò lè dúró wo ìsun náà já ẹ̀ẹ̀rùn kan, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe ń lọ sókè sódò, kí ẹ tó gbẹ́ nǹkan kan? Kò sẹ́ni tó máa fi ọ́ ṣẹ̀sín nítorí pé o ní o kò mọ̀. Ohun tí wọn kò ní dárí jì ọ́ ni kí wọ́n jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kí ẹsẹ̀ òkè gbẹ, kí wọ́n wá rántí pé ọmọ tó ti pọnmi níbẹ̀ rí ló dúró síwájú wọn tí kò dárúkọ rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a.

Má sì dójú ti ọ̀gá rẹ. Lọ bá a kí Jímọ̀ tó pé, ní òun nìkan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Sọ fún un pé wọn yóò bi ọ́ léèrè omi, àti pé o kò ní dákẹ́. Má jẹ́ kó jẹ́ pé ojúde ọba ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú nínú biró rẹ̀. Bó bá sì lé ọ lẹ́nu iṣẹ́, inú mi á bàjẹ́, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo ti sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ mi ń ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà ní Bassila, mo tilẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn tí kò bi mí dé Pénéssoulou. Ṣùgbọ́n yàrá rẹ wà níbí, ìyá rẹ kò sì tíì fi ìkòkò sínú rẹ̀.

Èsì tí o ń dúró dè wá kù.

Ti oko kajú, mo fún ọ. Àwọn igi náà ti darúgbó, ọkàn mi kò sí níbẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀. N ó fọwọ́ sí i níwájú ìlú bí ìlú bá gbà, kì í ṣe kí wọ́n tó gbọ́.

Ti ìjókòó sẹ́yìn rẹ, mo ti rò ó títí. Mo fẹ́ jókòó níbẹ̀ ju bí o ṣe fẹ́ kí n jókòó lọ. Láti ìgbà tí o ti gba ìwé ẹ̀rí ní Kútónù ni mo ti ń ro aṣọ tí n ó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo bẹ ìyá rẹ lọ́sàn-án yìí kí ó gbà mí nímọ̀ràn. Ó gbé omi kalẹ̀ lórí, ìsun ló ti pọn ọ́n, ó sì wò mí. Ó ní, "Bí o bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ta ni yóò bèèrè?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn pé ìlú pọ̀, ẹnìkan á bèèrè. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn èèyàn wa. Bí wọ́n bá rí mi níbẹ̀, wọn á ní Sùlé ti mọ̀, Sùlé ti gbà, kí la tún ń bi ọmọ rẹ̀? Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún mi ni wọn ó fi di ẹnu ara wọn. Ìyẹn náà sì ni rọ́bà.

Nítorí náà, n kò ní jókòó sẹ́yìn rẹ. N ó jókòó síwájú, láàárín àwọn ọkùnrin, níbi tí o ti lè rí ojú mi. Nígbà tí o bá sọ̀rọ̀ tán, n ó dìde, n ó pè ọ́ ní Màdáámù bí wọ́n ṣe ń pe àlejò, n ó sì bi ọ́ pé, "Ìsun ńkọ́?" Gẹ́lẹ́ bí mo ṣe bi ọ́ lórí fóònù ni. Mo ti sọ ọ́ fún ọ báyìí kí ó má baà já lù ọ́. Dá mi lóhùn bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Bó bá jẹ́ "a ò tíì mọ̀" ni, gbé orí sókè kí o sọ ọ́ ketekete, kí ẹni tó ní etí kan gbọ́.

Ẹ̀yìn rẹ kò ní ṣófo. Ìyá rẹ ní òun ni òun máa jókòó síbẹ̀. Mo ní obìnrin kì í jókòó síbẹ̀ nínú ilé wa. Ó ní obìnrin kì í gbẹ́ òkè tẹ́lẹ̀ náà, ọmọ òun ló ń bẹ̀rẹ̀. Mo gbà fún un.

Igbá omi kan yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni yóò lọ pọn ọ́n ní ẹsẹ̀ òkè. Nígbà tí mo bá ti bèèrè tán, yóò nà án sí ọ láti ẹ̀yìn. Gbà á, mu ún, kí o tó dá mi lóhùn.

Èmi ni, Sùlé tí wọ́n ń pè ní Gbòà, bàbá rẹ, tí kò tíì lè jókòó.